Etí Òkun Wo Ló Yẹ Kẹ́ Ẹ Gbé RV Lọ Nígbà Òtútù? Florida Keys, Alabama àbí Texas

Láti ọdún mélòó kan báyìí, bí ọdún tuntun bá ti kọjá, èmi àtìyàwó mi máa ń gbé RV wa, ìyẹn ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú, kúrò ní Chicago, a ó forí lé gúúsù. Ìbéèrè táwọn ènìyàn wa máa ń bi wá jù ni pé, "Níbo ló dáa jù níbẹ̀?" Èmi náà á bi wọ́n padà: báwo ni òtútù òru tẹ́ ẹ lè fara dà ṣe tó, ọjọ́ mélòó lẹ sì fẹ́ lò? Ọ̀sán ni wọ́n ya gbogbo àwòrán etí òkun tẹ́ ẹ ń rí kiri. Òru lẹni tó ń sùn nínú RV máa mọ ibi tóun wà. Ògiri rẹ̀ ò nípọn bíi ti ilé. Bí ìta bá ti tutù, gáàsì tó ń mú hítà ṣiṣẹ́ á máa tán lọ, ẹ̀yin náà á sì máa jí wo aago.

Ibi mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra, a sì ti sùn sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: àwọn erékùṣù Keys ní ìsàlẹ̀ Florida títí dé Key West, Gulf Shores ní Alabama títí dé Pensacola tó múlé tì í, Rockport àti Port Aransas ní Texas, àti South Padre Island pẹ̀lú àwọn ìlú Àfonífojì Rio Grande tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò fi Georgia àti South Carolina kún un. Etí òkun wọn rẹwà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún òtútù ò tíì sá tó bó bá dúró síbẹ̀ nínú oṣù January.

| Ibi | Ọ̀sán, oṣù January | Òru, oṣù January | Máìlì láti Chicago |
|---|---|---|---|
| Key West | 75°F (24°C) | 65°F (18°C) | 1,540 |
| South Padre | 71°F (22°C) | 52°F (11°C) | 1,465 |
| Rockport | 67°F (19°C) | 48°F (9°C) | 1,270 |
| Gulf Shores | 60°F (16°C) | 42°F (6°C) | 950 |

Ìṣirò àárín ni gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, ẹ fi yẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀. Ẹ wo bí òtútù ṣe ń dín kù bí máìlì ṣe ń pọ̀ sí i. Epo lẹ fi ń ra ooru. RV tiwa ń lo gálọ́ọ̀nù kan fún nǹkan bíi máìlì mẹ́wàá. Láti Gulf Shores sí Key West, ìyàtọ̀ wọn ní àlọ jẹ́ máìlì 590, àlọ àtàbọ̀ á jẹ́ 1,180. Gálọ́ọ̀nù 118 nìyẹn. Bí epo bá jẹ́ dọ́là mẹ́ta fún gálọ́ọ̀nù kan, ẹ ti san dọ́là 354 lé e kẹ́ ẹ tó sanwó ibùdó ọjọ́ kan.

Florida Keys

Key West nìkan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òtútù ò tíì mú débi tí omi ti ń dì. Èyí tó burú jù tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ níbẹ̀ ni 41°F, lọ́dún 1886 àti lọ́dún 1981. Nígbà tí ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ la gbé wọn lọ, ní ọgbà ìgbafẹ́ Bahia Honda. Wọ́n jí ní ìdájí, wọ́n fi ìró bo èjìká, wọ́n gbé àga síta, wọ́n ń wo omi. Wọ́n ní, "Ọyẹ́ lásán nìyí." Látìgbà tí wọ́n ti dé Amẹ́ríkà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó síta láìwọ kóòtù. Bẹ́ ẹ bá ní àgbàlagbà lọ́wọ́, tàbí ẹni tí oríkèé ara ń dùn, mi ò ní tan yín, ẹ gbé wọn lọ sí Keys.

Ọ̀nà US 1 ló wọbẹ̀. Máìlì 113 ni, afárá 42 ló sì wà lórí rẹ̀, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó máìlì méje. Bí afẹ́fẹ́ bá le, ó máa ń ti RV gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí afárá yẹn, nítorí náà ẹ má sáré níbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tẹ fèrè lẹ́yìn yín kó yín láyà jẹ. Máìlì ni wọ́n fi ń júwe ibi gbogbo, kíkà rẹ̀ sì ń dín kù bẹ́ ẹ ṣe ń lọ: John Pennekamp wà ní 102 àbọ̀, Curry Hammock ní 56, Bahia Honda ní 37, òdo sì wà ní Key West.

Ìṣòro Keys ni àyè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2024, òfin Florida ti fún àwọn ará ìpínlẹ̀ náà láǹfààní láti gba àyè sílẹ̀ ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ ní oṣù mọ́kànlá ṣáájú. Àwa tá a ń ti ibòmíì bọ̀, oṣù mẹ́wàá ni tiwa. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ṣáájú wa, ibùdó etí omi tó dáa kì í sì í tó nǹkan. Bẹ́ ẹ bá sì rí i gbà, òru mẹ́rìnlá ni wọ́n fàyè gbà. Ibùdó aládàáni wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà òtútù, owó òru kan níbẹ̀ máa ń ju dọ́là 100 lọ, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ má sì gbèrò àtisùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òfin ò gbà á. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àmọ́ kó mọ bí àáké ọ̀hún ṣe tó kó tó gbéra.

Bẹ́ ẹ bá dé Key West, ẹ yà sí Higgs Beach kẹ́ ẹ tó lọ ya fọ́tò níbi tí gbogbo ayé ti ń yà á. Lọ́dún 1860, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Amẹ́ríkà mú ọkọ̀ akẹ́rú mẹ́ta lójú òkun, wọ́n sì kó ọmọ Áfíríkà 1,432 tó wà nínú wọn wá sí Key West. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, Bogota, ti Ouidah ní etí òkun ilẹ̀ Benin òde òní bọ̀. Nǹkan bí 300 nínú àwọn ènìyàn náà kú síbẹ̀, etí òkun yẹn ni wọ́n sin wọ́n sí. Ìyá ìyàwó mi dúró níbẹ̀ pẹ́. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi padà sínú ọkọ̀.

Gulf Shores àti Pensacola

Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ló ń bà yín lẹ́rù, ibí yìí ni. Láti Chicago, ọjọ́ méjì gidi, tàbí mẹ́ta bẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ìsinmi, ẹ ti débẹ̀. Yanrìn rẹ̀ funfun báláú. Òkúta láti orí òkè Appalachian ni odò ti ń lọ̀ wá láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, bẹ́ ẹ bá sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó máa ń dún. Ọgbà ìgbafẹ́ Gulf State Park ní àyè RV 496, gbogbo rẹ̀ ló sì ní iná, omi àti páìpù ìdọ̀tí. Nínú gbogbo ọgbà ìjọba tá a ti sùn sí, mi ò tíì rí èyí tó rọrùn tó o fún ẹni tó ń gbé RV fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe níbẹ̀ gùn tó máìlì 28. Lọ́wọ́ Florida, Fort Pickens wà ní etí Pensacola, òkun ní ọ̀tún, òkun ní òsì. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ ní January, ṣùgbọ́n bí ìjì bá jà, omi máa ń bo ojú ọ̀nà tó wọbẹ̀, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó lọ.

Ẹ padà síbi tábìlì yẹn báyìí. 42°F ni mo kọ síwájú Gulf Shores. Ọjọ́ 21 oṣù January 2025 ló kọ́ mi ní ohun tí 42 yẹn ò sọ. Òjò dídì bọ́ sí etí òkun Gulf láti Texas títí dé Florida. Ó ga ju ínǹṣì méje lọ ní Mobile, ó ju mẹ́jọ lọ ní Pensacola, wọ́n ti títì I-10 pa, ooru sì já wálẹ̀ kọjá 20°F lóru. Yanrìn funfun, òjò dídì funfun, ẹ ò lè mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ibùdó aládàáni kan la wà. Mo rò pé ẹni tó mọ Chicago mọ òtútù, mo sì fi rọ́bà omi sílẹ̀ síta bó ṣe máa ń wà. Nígbà tí mo jáde láàárọ̀, rọ́bà tó máa ń ká bí ejò ti gan bí igi. Mo fi ọwọ́ kan gbé e sókè, ó dúró gbọnrangandan. Páìpù kékeré tó fi so mọ́ ara RV ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo rí yìnyín nínú rẹ̀ tó ń dán bíi dígí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi lo omi inú ìgò: òun la fi fọnu, òun la fi po ọ̀gì. Àṣìṣe mi ni, ó sì dùn mí torí ìyàwó mi ti sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní òru máa wọ 32°F, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ rọ omi kún táńkì inú RV. Ẹ ti ẹ̀rọ omi ìta pa, ẹ tú rọ́bà, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ gbé e wọlé. Ẹ pa ẹnu páìpù ìdọ̀tí dé, kí omi má ṣe máa ṣàn díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ kó sì dì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, kí ooru lè dé ara páìpù. Ẹ sì jẹ́ kí hítà gáàsì máa ṣiṣẹ́, kódà bẹ́ ẹ bá ní ti oníná, torí nínú ọ̀pọ̀ RV, ti gáàsì ló ń fẹ́ ooru dé ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn táńkì wà. Mo ń ṣe gbogbo rẹ̀ báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Síbẹ̀, ohun kan wà lọ́dọ̀ Alabama tí mẹ́ta yòókù ò ní, mi ò sì ní jẹ́ kí ọmọ Yorùbá kankan tó wà lágbègbè yẹn kọjá láìdé ibẹ̀. Africatown, ní Mobile. Lọ́dún 1860 kan náà, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí ènìyàn 110 láti Ouidah wá sí Alabama ní jíjí, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti de kíkó ẹrú wọlé láti 1808. Wọ́n sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wá ló jẹ́ pé èdè wa ni wọ́n ń sọ. Oluale Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis, ti agbègbè Bantè wá, ní ilẹ̀ Benin òde òní. Lẹ́yìn tí wọ́n dòmìnira lọ́dún 1865, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó. Kossola gbé ibẹ̀ títí ó fi kú lọ́dún 1935. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé àwókù Clotilda ni wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ odò Mobile, wọ́n sì ṣí Africatown Heritage House ní July 2023, níbi tí díẹ̀ lára igi ọkọ̀ náà wà nínú omi, kó má bàa jẹrà.

Láti Gulf Shores, wákàtí kan ààbọ̀ ò ní kún kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ má gbé RV lọ, àdúgbò tí ènìyàn ń gbé ni, ọ̀nà rẹ̀ ò fẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni kẹ́ ẹ gbé.

Rockport àti Port Aransas

Ibí yìí ni èmi fẹ́ràn jù. Kò gbóná tó Keys, òkun rẹ̀ ò mọ́ gaara tó ti Pensacola, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan rẹ̀ wọ̀n bó ṣe yẹ. Ní ọgbà ìgbafẹ́ Goose Island, ẹ lè pa RV yín sí etí omi gan-an, kẹ́ ẹ ju ìwọ̀ sómi láìgba ìwé àṣẹ ìpẹja, torí Texas ò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń pẹja láti etí omi nínú ọgbà ìpínlẹ̀. Igi óókù kan wà nítòsí ibẹ̀ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ìjì Harvey gba orí Rockport kọjá ní August 2017, ó wó ilé rẹpẹtẹ, igi yẹn ò wó.

Ẹyẹ ló ń fà mí padà. Whooping crane ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, funfun báláú, ṣónṣó ìyẹ́ apá rẹ̀ dúdú, àtàrí rẹ̀ pupa. Lọ́dún 1941, wọn ò ju 21 lọ tó kù nínú igbó. Lónìí, àwọn tó ń wá sí Aransas nìkan, ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko nítòsí Rockport, ti lé ní 500. Láti Wood Buffalo ní àríwá Kánádà ni wọ́n ti ń fò wá, nǹkan bíi máìlì 2,500, wọ́n á sì dúró láti ìparí ọdún títí di March tàbí April. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ibi tirẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì máa ń padà sí. Mo dúró wo mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan: bàbá, ìyá, ọmọ kan tí ara rẹ̀ ṣì pupa rúsúrúsú. Ìyá fa akàn kan yọ nínú omi, ó gbọ̀n ọ́n títí apá rẹ̀ fi já, ó wá fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ọmọ. A ò sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí.

Ní Aransas Pass, tí kò jìnnà sí Rockport, ọkọ̀ ojú omi ìjọba ń gbé mọ́tò sọdá sí Port Aransas lọ́fẹ̀ẹ́, RV náà ń wọ̀ ọ́. Níwájú díẹ̀ sí i ni Padre Island National Seashore, etí òkun tó gùn tó nǹkan bíi máìlì 70 láìsí ilé kankan lórí rẹ̀. Wọ́n gbà kẹ́ ẹ wakọ̀ lórí yanrìn, kẹ́ ẹ sì sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò síná, kò sómi, RV ńlá ò sì gbọdọ̀ kúrò lórí yanrìn líle tó wà nítòsí omi. Bó bá rì, owó tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó fà á jáde á dùn yín.

Ohun tó ń báni jà ní Texas ni afẹ́fẹ́. Ọ̀sán lè gbóná débi tẹ́ ẹ máa bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì, kó tó dalẹ́, atẹ́gùn á yí padà láti àríwá, ooru á já wálẹ̀ bíi 25°F láàárín wákàtí mélòó kan. Norther ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ ẹ bá ti rí ìkùukùu dúdú tó tẹ́ lọ gbọrọrọ lápá àríwá, ẹ ká ìbòrí tẹ́ ẹ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ RV wọlé kíákíá. Mo ti rí ti aládùúgbò kan tó ká sórí òrùlé ọkọ̀ rẹ̀ bí ewé.

Ẹ̀bùn mìíràn tí ọ̀nà Texas ní ni Houston. Ẹ máa gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ dúró lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ẹ ra èlùbọ́, ata rodo, irú, ẹja gbígbẹ. Ẹni tó ń lọ sí Keys tàbí Gulf Shores, kó ti di tirẹ̀ láti ilé.

South Padre àti Àfonífojì Rio Grande

Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kó má ṣe wá ibòmíì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibùdó RV ló wà láti Mission títí dé Harlingen, iye oṣù ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe iye òru, ó sì máa ń dín owó kù gan-an. Iná nìkan ni wọ́n sábà máa ń fi mítà kà lọ́tọ̀. Àwọn àgbàlagbà láti Minnesota, Iowa àti Kánádà ló kún ibẹ̀. Winter Texans ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ń jó, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń gbé oúnjẹ wá jẹ pọ̀. Ṣùgbọ́n òkun jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú ibùdó wọ̀nyẹn. Bó bá jẹ́ òkun lẹ fẹ́ máa jí rí, Isla Blanca ní South Padre ni kẹ́ ẹ wá, owó rẹ̀ sì ga ju tàwọn tó jìnnà sí òkun lọ.

Ẹ má rò pé òtútù ò lè débẹ̀. Ní February 2021, iná lọ káàkiri Texas, omi dì nínú páìpù, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìjàpá òkun tí òtútù ti mú gan sínú gbọ̀ngàn ìpàdé South Padre.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí sí jù. Bẹ́ ẹ bá ń padà sí àríwá, àwọn agbófinró ẹnubodè máa dá yín dúró, yálà ẹ gba US 77 ní Sarita ni o, tàbí US 281 ní Falfurrias, bí ẹ ò tilẹ̀ dé Mẹ́síkò rárá. Wọ́n á bi yín bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni yín. Ẹni tó ní green card, kó mú un dání, òfin ló ní kó máa wà lára rẹ̀. Ẹni tó wá bẹ̀ yín wò, kí páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú RV, kì í ṣe nílé ní Chicago. Àwọn Winter Texans máa ń fẹsẹ̀ rìn sọdá afárá sí Nuevo Progreso láti tọ́jú eyín pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Ó dáa fún wọn. Ẹ̀yin tí ìwé yín ṣì wà lọ́nà, ẹ má bá wọn sọdá, eyín á dúró.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá mú?

Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, tẹ́ ẹ sì ní àgbàlagbà tàbí ọmọ kékeré, Keys. Bó bá jẹ́ oṣù méjì sókè, Àfonífojì. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín, tẹ́ ẹ yá RV fún ọjọ́ mẹ́wàá péré, Gulf Shores, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó di ìparí February tàbí March, ẹ má bọ́ sí January. Ẹni tó fẹ́ ẹja, ẹyẹ àti ìdákẹ́rọ́rọ́, tí 48°F lóru ò sì bà á lẹ́rù, kó wá bá wa ní Rockport.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pinnu pé Keys ni, tẹ́ ẹ sì fẹ́ wọlé ní ọjọ́ 10 oṣù January, ọjọ́ 10 oṣù March tó ṣáájú rẹ̀ ni àyè máa ṣí fún yín. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, aago Florida, ìyẹn aago méje ní Chicago. Ẹ ti ṣí àkáǹtì yín láti alẹ́ àná, ẹ ti fi káàdì sí i, kẹ́ ẹ sì ti kọ nọ́ńbà ibùdó mẹ́ta tó wù yín sórí ìwé, torí ẹni àkọ́kọ́ lè ti gba èyí tẹ́ ẹ fẹ́ jù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.